Ìkéde Pápá Ìṣeré Ńlá Ìdógùnró, Níwájú Ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdógùnró, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè mì kó tó gbọ́. Ẹni tó ń fárí, kí onígbàjámọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ìkéde tòní ní ẹ̀rín nínú, Kábíyèsí sì ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín!

Èmi Bánjókòó akéde ni. Agogo mi nìyí. Ìwé Kábíyèsí nìyí, ojú ewé mẹ́rin, òǹtẹ̀ pupa ní ìsàlẹ̀. Kábíyèsí Onídógùnró ní kí n kí yín. Ìgbìmọ̀ Pápá Ìṣeré náà ní kí n kí yín. Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú ìdúró! Ẹ̀yin tí ẹ gun orí ògiri, ẹ rọra o!

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bi ara yín pé kí ló dé tí akéde ò lọ sí oríta bó ṣe máa ń ṣe. Kí ló dé tó fi wá dúró síwájú ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó ń làágùn ní kùtùkùtù òwúrọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè pé ibi tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ á ti gbọ́ ọ kedere ni kí n ti kà á. Ibẹ̀ nìyí. Fèrèsé Ìyá ṣí sílẹ̀. Èéfín ọṣẹ ń jáde lẹ́yìnkùlé. Ìyá ń gbọ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ yé wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ọlọ́ṣẹ bí ọmọbìnrin méje. Mẹ́fà ti lọ sílé ọkọ. Èkeje ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, èmi Bánjókòó ń bọ̀ wá dána Ìbíyẹmí nínú ilé tí ẹ ń wò yìí! Iṣu méjìlélógójì ti wà nílẹ̀. Oyin ti wà nínú ìgò. Mo ti fi ìdọ̀bálẹ̀ dánra wò nígbà mọ́kànlá nínú yàrá mi, orúnkún mi ti bó.

Ṣùgbọ́n àṣẹ kan ló kẹ́yìn nínú ìwé yìí. Tí mo bá kà á, mi ò mọ̀ bóyá Ìyá á ṣì fún mi lọ́mọ. Tí mi ò bá kà á, Kábíyèsí ní àwọn á gba agogo lọ́wọ́ mi, àwọn á sì fi mí ṣe ẹni tí yóò máa fọ ìbọ̀sẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìbọ̀sẹ̀ ẹni méjìlélógún! Títí láé!

Nítorí náà, ẹ má lé mi. Ẹ má kán mi lójú. Àṣẹ mẹ́jọ ni, a ó sì kà á díẹ̀díẹ̀.

Ẹ gbọ́ àṣẹ kìíní!

Ìlú fẹ́ kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí àárín ìlú. Àárín gbùngbùn! Kì í ṣe ọ̀nà oko, níbi tí ilẹ̀ wà. Kì í ṣe ẹ̀yìn ilé ìwé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Àárín ìlú ni, níbi tí kò ti sí àyè rárá, kí àwọn ìlú tó yí wa ká lè mọ̀ pé a lágbára! Ìjókòó inú rẹ̀ yóò jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún! Gbogbo àwa tí a wà ní ìlú yìí, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, pẹ̀lú arúgbó, pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni tó wá tún wáyà iná ṣe lóṣù tó kọjá tí kò tíì padà sílé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ni wá. Ìgbìmọ̀ ti ṣírò rẹ̀. Ìjókòó márùn-ún márùn-ún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹni tó bá wá wòran gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìjókòó márààrún tó kàn án! Ìṣẹ́jú méjìdínlógún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí fèrè bá dún, kó dìde, kó bọ́ sí èyí tó kàn. Ẹni tó bá gbé fìlà sórí ìjókòó tó ní fìlà òun ti bá òun jókòó níbẹ̀, wọ́n á mú òun àti fìlà, wọ́n á sì gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, a ti gbọ́ pé eegun ẹ̀yìn ń dùn yín. Ìgbìmọ̀ ní kí ẹ ti máa fi dìde-jókòó dánra wò láti ọ̀la. Wọ́n ní ẹ kú ara líle.

Ẹ gbọ́ àṣẹ kejì!

Báńkì kan fẹ́ yá wa lówó ìkọ́lé. Báńkì ní kí a fi hàn pé a ó rí i san. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ronú. Wọ́n jẹ ẹ̀pà, wọ́n tún ronú. Wọ́n ní kí ló pọ̀ ní ìlú yìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gba owó lórí rẹ̀? Ariwo ni!

Láti òní lọ, ẹni tó bá pariwo góòlù níbikíbi, nídìí tẹlifíṣọ̀n, nídìí rédíò, tàbí lójú oorun, yóò san owó góòlù. Góòlù tó wọlé, igba náírà. Góòlù tó lu òpó, tí o ti fò sókè kó tó lù ú, ọ̀ọ́dúnrún náírà, nítorí o ti tan ará àdúgbò jẹ. Ẹni tó bá ká ọwọ́ lérí tó ní yéè, ọgọ́rùn-ún náírà. Ẹni tí kò bá lówó, kó pa ariwo tirẹ̀ mọ́ sínú títí pápá yóò fi ṣí. Kó dì í mú! Kó gbé e mì! Ẹni tí wọ́n bá sì ká mọ́ ibi tó ti ń pariwo góòlù sínú ìkòkò, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ìkòkò náà, wọ́n á tẹ́tí sí i bóyá ariwo ṣì wà nínú rẹ̀.

Làmídì, mo rí ẹ o! Kí lò ń wò nínú ìkòkò omi yẹn? Gbé orí ẹ sókè.

Ẹ gbọ́ àṣẹ kẹta!

Ẹran ọ̀sìn. Okùn ti yí ilẹ̀ pápá náà ká. Ewúrẹ́ tó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ewúrẹ́ tó bá jẹ tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba òmíràn. Ewúrẹ́ tó bá jẹ tíkẹ́ẹ̀tì ewúrẹ́ ẹlòmíràn, olè ni! Adìyẹ tó bá yé sẹ́nu ilé góòlù, ẹyin rẹ̀ di ti ìlú. Àkùkọ kò gbọdọ̀ kọ nígbà tí rẹfirí bá ń fọn fèrè. Èyí tó bá dánwò, wọ́n á fún un ní káàdì pupa. Ẹ mọ ìtumọ̀ káàdì pupa fún àkùkọ. Ata wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ àṣẹ kẹrin!

Búlọ́ọ̀kù. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá. Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ, búlọ́ọ̀kù kan. Ẹni tó bá bí ìbejì, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, nítorí Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yóò mú méjì wá. Ẹni tó bá mú búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́ wá, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára ìjókòó tó wà lẹ́yìn òpó, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa wòran. Òpó ni yóò máa wò!

Ṣé kí n tún àṣẹ kìíní kà? Ó dà bíi pé àwọn kan ò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni mo wí! Márùn-ún márùn-ún! Ẹ ní ẹ gbọ́? Ó dáa. Ẹ má bínú.

Ẹ gbọ́ àṣẹ karùn-ún o, nítorí ibí lọ̀rọ̀ ti wọ́!

Ọ̀gbẹ́ni Látúndé awọnlẹ̀ ló wọn ilẹ̀ pápá náà. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Okùn rẹ̀ kì í yẹ̀, èèkàn rẹ̀ kì í mì. Ó fa okùn láti ìdí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń bọ̀ gbọnrangandan, títí ó fi dé iwájú ilé yìí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó lórí àpótí, wọ́n ń yí ọṣẹ roboto roboto. Ibi tí ẹsẹ̀ Ìyá wà gan-an ni èèkàn gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé pé Látúndé ló fẹ́ àkọ́bí Ìyá.

Látúndé dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní kó dìde. Wọ́n fún un lómi. Wọ́n ṣàdúrà fún un. Wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bá mi dá sí i! Ta ni nínú yín tó lè wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ kó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, mo fẹ́ kan èèkàn mọ́lẹ̀? Látúndé mu omi tán. Ó dúpẹ́. Ó ká okùn, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó yí gbogbo ilé náà po, ó sì ń bá ìwọ̀n rẹ̀ lọ ní òdìkejì.

Bí pápá ṣe wọ́ nìyẹn! Ó wọ́ bí ọrùn ọkọ́!

Wọ́n gbé àwòrán náà lọ sọ́dọ̀ Alága ìgbìmọ̀. Alága rí i. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rántí pé òun ló fẹ́ ọmọ kejì. Ó pa ẹnu dé. Akọ̀wé ló fẹ́ ẹ̀kẹta. Akápò ló fẹ́ ẹ̀kẹrin. Kọngílá tí yóò kọ́ ọ, òun ló fẹ́ ẹ̀karùn-ún. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ààfin, Kábíyèsí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé ààfin. Ta ló fẹ́ ọmọ kẹfà? Ẹ dákẹ́! Ẹ má dárúkọ! Kábíyèsí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mọ́tò ààfin fi ń yí gba ọ̀nà odò kó tó dé ọjà láti ìgbà ìgbéyàwó náà. Kábíyèsí wo àwòrán. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Nítorí náà, àṣẹ nìyí. A ó máa gbá bọ́ọ̀lù ní wíwọ́! Ẹni tó wà nídìí góòlù ti ìlà oòrùn kò ní í máa rí góòlù ti ìwọ̀ oòrùn. Agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá, kó kọ́kọ́ ránṣẹ́ lọ béèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Rẹfirí méjì ni yóò wà, wọn ò sì ní í fojú kan ara wọn títí eré á fi parí. Àwọn òǹwòran tó jókòó ní apá kan yóò máa fi ìròyìn yọ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá sì fò wọ ẹ̀yìnkùlé Ìyá, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa lọ béèrè rẹ̀. Ta ni yóò béèrè? Ìgbìmọ̀ ti ya bọ́ọ̀lù ọgọ́ta sọ́tọ̀ fún ìdíje kọ̀ọ̀kan.

Àṣẹ kẹfà! Kúkúrú ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé pápá náà wọ́. Kò wọ́. Ó ń kúnlẹ̀ kí àna ni. Ẹni tó bá sọ pé ó wọ́, wọ́n á mú un dúró sójú oòrùn láti kùtùkùtù títí di ọ̀sán, yóò sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ọkọ́ náà kò wọ́, ọrùn agboòrùn náà kò wọ́, ìka ẹsẹ̀ òun náà kò wọ́.

Ta ló rẹ́rìn-ín yẹn? Ìyá Pàkútẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìborùn bo ẹnu.

Ẹ gbọ́ àṣẹ keje. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Rárá, ẹ sún sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ò tó mi.

Báńkì rí àwòrán pápá. Báńkì ò mọ Ìyá. Báńkì ò fẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Báńkì kọ̀wé pé àwọn ò yá ẹnikẹ́ni lówó láti kọ́ ọkọ́. Wọ́n ní tí pápá náà kò bá tọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn ń gbé owó àwọn lọ sí ìlú kejì, tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wá ṣẹ̀sín.

Pápá ò sì lè tọ́ àfi kí ẹnì kan bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ sọ̀rọ̀!

Ìgbìmọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lórí pé ta ni yóò sọ ọ́. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ikọ́ ni gbogbo wọn wú. Ní ìpàdé kejì, Alága ní awọnlẹ̀ ló yẹ. Awọnlẹ̀ ní òun ti sọ fún Ìyá níjelòó. Wọ́n ní kí lo sọ? Ó ní òun kí wọn. Ní ìpàdé karùn-ún, akọ̀wé ní òun á kọ lẹ́tà. Ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta. Ó kí Ìyá, ó kí ẹsẹ̀ Ìyá, ó kí ilé, ó kí ọṣẹ, ó ní òun ni ọmọ wọn nítòótọ́. Kò dárúkọ pápá. Wọ́n fi àkùkọ kan ti lẹ́tà náà lẹ́yìn. Ìyá se àkùkọ. Wọ́n ní ẹ ṣeun.

Ní ìpàdé kẹsàn-án ni Kábíyèsí fi ọwọ́ lu àga. Wọ́n ní, àbí akéde náà kọ́ ló fẹ́ fẹ́ èkeje? Ìgbà wo ni ìdána rẹ̀? Wọ́n ní Sátidé. Kábíyèsí ní, ṣé ẹ rí i báyìí! Kò tíì dána, kò tíì di àna. Títí di alẹ́ Ẹtì, ọkùnrin lásán ni. Ẹ jẹ́ kó lọ sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù!

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún jẹ ẹ̀pà.

Àṣẹ keje nìyẹn: èmi Bánjókòó ni kí n sọ ọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Àṣẹ kẹjọ. Ṣé kí a kọ́kọ́ sinmi? Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn dáadáa? Tíkẹ́ẹ̀tì ewúrẹ́ tó lóyún ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́? Ẹ̀yin náà ò ṣe é gbára lé!

Ta ló ń sọ pé ojú ọkọ ìyàwó ti funfun bí ẹfun? Mo gbọ́ ohùn ẹ, Ọ̀sánlọ́yẹ. A ó ríra.

Ó dáa. Ẹ bá mi di agogo mú. Ẹ yà sẹ́yìn kí n rí ilẹ̀.

Ẹ gbọ́ àṣẹ kẹjọ! Mo ti dọ̀bálẹ̀ o! Àyà mi wà nílẹ̀, àgbọ̀n mi wà nínú eruku, ohùn mi á dín kù díẹ̀. Ìyá mi, ẹ kúuṣẹ́. Ẹ kú èéfín. Ẹ kú ooru iná. Ọmọ yín Bánjókòó ló ń kí yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi o, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ní: Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ bẹ Ìyá Ọlọ́ṣẹ kí wọ́n kó kúrò nínú ilé yìí kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ìlú ti kọ́ ilé mìíràn fún wọn létí odò. Yàrá márùn-ún, àti àbà ńlá tí wọ́n á ti máa se ọṣẹ. Ilé náà kì í ṣe ìlérí. Ó ti parí. Ó ti parí láti ọdún tó kọjá! Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó máa sọ fún Ìyá ni wọn ò rí.

Mo ti kà á o. Mo ti kà á! Mi ò ní í dìde.

Ẹ dákẹ́. Ilẹ̀kùn ń ṣí. Ìyá ń bọ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Igi tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá nǹkan sọ, ẹ̀yin ènìyàn!

Ìyá ní kí n dìde. Ìyá ní kí n gba agogo mi. Ìyá ní ohùn òun ò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lórí ògiri, nítorí náà kí n bá òun ké e bí òun bá ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ o! Èyí kì í ṣe ti ààfin! Ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ nìyí!

Ìyá ní: ṣé ìyẹn náà ni?

Ìyá ní: ṣé tìtorí ìyẹn ni gbogbo ọkọ ọmọ òun fi ń sá fún òun láti ọdún méjì? Wọ́n ní Látúndé á rí òun lókèèrè, á yà sínú ọgbà ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ ọdún, orí ọ̀kadà ni kọngílá wà tó ti ń kí òun, ọ̀kadà náà ò sì dúró. Wọ́n ní òun rò pé òórùn eérú ló ń lé wọn. Ìyá ní, ẹ gbọ́ o, Ìyá ní láti ọdún méjì, òun Ọlọ́ṣẹ, òun tí gbogbo ìlú ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ òun, òun ń ra ọṣẹ olóòórùn dídùn ní ṣọ́ọ̀bù, òun ń fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, òun ń fi wẹ̀, kí àwọn ọmọ òun lè máa wá wo òun!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má sunkún náà. Kò sí nínú àṣẹ.

Ìyá ní: létí odò kẹ̀? Ogójì ọdún ni òun fi ń ru omi láti odò wá síbí. Ìyá ní ẹni tó bá sọ fún òun níjọ́sí, òun ì bá ti kó ìkòkò òun lọ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ìyá ní òun gbà! Òun ń kó lọ! Lónìí!

Góòlù! Góòlù o! Mo mọ̀, igba náírà ni, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀! Ìyá gbà! Pápá á tọ́! Báńkì á yá wa lówó! Sátidé dé tán! Ẹ bá mi gbé fìlà mi, mi ò mọ ibi tó fò lọ!

Ẹ dúró. Ìyá ní òun ò tíì parí ọ̀rọ̀.

Ìyá ní òun dàgbà ní ìlú yìí. Òun rí i nígbà tí wọ́n ní kí àwọn alápatà kúrò ní ìdí igi ọsàn nítorí ilé ìkàwé. Àwọn alápatà kó lọ. Koríko ló hù níbẹ̀. Òkété ló wà níbẹ̀ báyìí, kò sì tíì kàwé. Ìyá ní òun ò ní í fi ilé tí òun bí ọmọ méje sí sílẹ̀ fún koríko.

Ìyá ní nítorí náà... ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ṣé kí n ké èyí náà?

Wọ́n ní kí n ké e.

Ìyá ní òun ń kó lọ lónìí, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí ń bá òun lọ. Yóò máa bá òun gbé létí odò, yóò máa bá òun to ìkòkò, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lórí pápá náà. Ọjọ́ náà gan-an ni òun yóò gba ìdána. Orí pápá ni kí n ti wá dọ̀bálẹ̀, níbi tí àpótí òun wà yìí. Bí pápá bá parí lóṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà ni. Bó bá gba ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́wàá ni. Ìyá ní òun fẹ́ràn mi. Wọ́n ní èmi nìkan ló bá òun sọ òtítọ́ nínú gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Wọ́n ní ìyẹn ò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọdún mẹ́wàá.

Ará ìlú. Iṣẹ́ ìlú ni wọ́n so ìgbéyàwó mi mọ́. Ṣé ẹ gbọ́? Iṣẹ́ ìlú! Afárá tó wà lọ́nà oko, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ń kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní ìrìn, afárá kò tíì dé òdìkejì!

Ẹ gbọ́ àṣẹ kẹsàn-án! Bẹ́ẹ̀ ni, ìkẹsàn-án wà! Kò sí nínú ìwé, èmi Bánjókòó ni mo ń pa á! Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ti di ogún! Ẹ máa mú un bọ̀ nísinsìnyí! Kò sí ìsinmi ọ̀sán fún kọngílá! Kò sí ẹ̀pà nípàdé mọ́! Látúndé, jáde nínú ọgbà ẹ̀gẹ́, mo rí bàtà ẹ, mú okùn wá kí o wá tún ilẹ̀ wọ̀n! Ẹ lọ sọ fún Kábíyèsí pé mọ́tò wọn lè gba ibí báyìí, Ìyá ò bínú, kí wọ́n fi kó sìmẹ́ǹtì wá! Ẹ pariwo góòlù! Ẹ pariwo rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ sì san owó rẹ̀! Ẹni tí kò bá pariwo, mo ń bọ̀ wá lu agogo lẹ́nu fèrèsé rẹ̀ láràárọ̀, kí àkùkọ tó jí, títí yóò fi mú búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ wá! Ìjìyà tó burú jù nìyẹn, mo sì ti ní ohun èlò rẹ̀ lọ́wọ́!

Ẹ wò ó. Ẹ yà, ẹ jẹ́ kí n rí i. Ta nìyẹn ní ìdí òpó iná, tó ká ìró dé orúnkún? Ìbíyẹmí ni! Ó ti gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kọngílá. Ó ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀! Kò wojú ẹnikẹ́ni. Ìbíyẹmí, rọra! Má fi ṣe ara ẹ léṣe, mo ń bọ̀!

Èmi Bánjókòó akéde ni mo ké e, ẹ̀yin ará Ìdógùnró lẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó wà lóko. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo ti jẹ́ ẹ. Èyí tó kù yìí, iṣẹ́ tèmi ni. Ẹ gbé ṣọ́bìrì kan fún mi!